Ẹ Má Fi Nọ́ńbà Jọ́nà Wọn Iṣẹ́ Olùwádìí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìmọ̀ Àyíká àti Ẹfolúṣọ̀n

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ọdún mẹ́ta ló fi ka kòkòrò inú igbó, ó ti kọ iṣẹ́ náà tán, ó wá ń wá jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, tí yóò gbà á. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo jọ́nà yìí. Impact factor wọn ga gan-an." Impact factor ni nọ́ńbà tó ń sọ iye ìgbà tí àwọn olùwádìí ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ jọ́nà kan ní ìpíndọ́gba. Mo gba fóònù náà. Ìkànnì Ecology and Evolution ló ṣí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó kọ sínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ti Nature Ecology & Evolution. Ti àkọ́kọ́ ń rìn láàárín 2 sí 3, ti èkejì ti kọjá 10 tipẹ́. Ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un rí, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yìí kan náà ni wọn yóò fi bi í léèrè lọ́jọ́ tó bá ń wá iṣẹ́.

Mo ti ń rí irú èyí tipẹ́, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga pàápàá. Ó máa ń dùn mí, torí pé iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè tibẹ̀ ṣòfò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn yín

Nínú ẹ̀ka wa, orúkọ àwọn jọ́nà dà bí ìgbà tí Táíwò méje bá wà nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Trends in Ecology & Evolution bẹ̀rẹ̀ ní 1986; àpilẹ̀kọ tó ń ṣàgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn mìíràn ló ń tẹ̀ jáde jù. Methods in Ecology and Evolution dé ní 2010 láti ọwọ́ British Ecological Society. Ọ̀nà ìwádìí ni tirẹ̀. Ecology and Evolution ti ilé ìtẹ̀wé Wiley dé ní 2011: ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, olùkọ̀wé ló ń sanwó, ohun tó sì ń bèèrè ni pé ṣé iṣẹ́ náà múná dóko, kì í ṣe pé ṣé ó máa pa ayé lẹ́nu mọ́. Àwọn jọ́nà Wiley mìíràn a tiẹ̀ máa darí iṣẹ́ tí àwọn kò gbà sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Frontiers in Ecology and Evolution dé ní 2013, tí kò bá Frontiers in Ecology and the Environment ti Ecological Society of America tan rárá. Nature Ecology & Evolution bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ní 2021, BMC Evolutionary Biology, tó ti wà láti 2001, parapọ̀ mọ́ BMC Ecology, wọ́n sì di BMC Ecology and Evolution.

Ẹ má fi orúkọ wá jọ́nà, ISSN ni kí ẹ fi wá a, àmì mẹ́jọ tí jọ́nà kọ̀ọ̀kan ní. Bí jọ́nà bá ti yí orúkọ padà, ISSN rẹ̀ a máa yí padà pẹ̀lú, ìtàn nọ́ńbà rẹ̀ a sì pín sí méjì. Ẹni tó bá ya àwòrán ìdàgbàsókè BMC Ecology and Evolution láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021 yóò rò pé jọ́nà tuntun ni.

Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà ilé fún nọ́ńbà ọmọ ilé

Àṣìṣe tó burú jù lọ nìyí, kí á fi nọ́ńbà jọ́nà ṣe ìdájọ́ àpilẹ̀kọ inú rẹ̀, níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró pẹ́.

Eugene Garfield, onímọ̀ ìwífún ọmọ Amẹ́ríkà, ló mú èrò lílo ìtọ́kasí wá ní 1955, kí ó lè rọrùn láti wá ìmọ̀ rí. Láti 1975 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ ìwé ọdọọdún tó ń fi impact factor to àwọn jọ́nà lẹ́sẹẹsẹ. Ilé-iṣẹ́ Clarivate ló ń ṣe é báyìí. Àwọn aláàbójútó ilé ìkàwé ni nọ́ńbà yìí wúlò fún jù, kí wọ́n lè mọ jọ́nà tó yẹ kí wọ́n ná owó lé lórí. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Fún ọdún 2024, wọn á ka iye ìgbà tí àwọn ènìyàn tọ́ka ní 2024 sí ohun tí jọ́nà náà tẹ̀ ní 2022 àti 2023, wọn á sì fi iye àpilẹ̀kọ ìwádìí àti àgbéyẹ̀wò tó tẹ̀ ní ọdún méjèèjì pín in. Àkíyèsí kékeré kan wà níbẹ̀: bí ẹnìkan bá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ olóòtú tàbí lẹ́tà, ìtọ́kasí náà wọ òkè ìṣirò, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀hún kò sí lára ohun tí wọ́n fi pín in. Jọ́nà tó ń tẹ ọ̀rọ̀ olóòtú púpọ̀ ń jèrè níbẹ̀.

Ìpíndọ́gba ni nọ́ńbà yìí, ìpíndọ́gba a sì máa tan ni. Ká ní jọ́nà kan tẹ àpilẹ̀kọ 10. Ọ̀kan gba ìtọ́kasí 91, àwọn 9 yòókù gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ jẹ́ 100, ìpíndọ́gba jẹ́ 10. Ẹni tó ní ọ̀kan nínú àwọn 9 yẹn á máa yangàn pé jọ́nà oní-10 ni òun wà, nígbà tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló tọ́ka sí iṣẹ́ òun.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbo wa gan-an. Ní November 2007, Alexei Drummond àti Andrew Rambaut tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú BMC Evolutionary Biology nípa BEAST, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi DNA ya igi ìdílé àwọn ohun abẹ̀mí tó sì ń sọ ìgbà tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yà. Àwọn tó ń tọpa ìbátan ẹyẹ lò ó, àwọn tó ń tọpa ìrìn kòkòrò àrùn lò ó, ìtọ́kasí rẹ̀ sì ti kọjá ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nínú ìṣirò 2008 àti 2009, àpilẹ̀kọ kan yìí gbé nọ́ńbà gbogbo àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sókè, àwọn tí wọn kò tiẹ̀ mọ BEAST rí. Nígbà tó di 2010, ilẹ̀kùn ti. Gbogbo ìtọ́kasí tó wọlé fún un láti ìgbà náà, tó sì pọ̀ ju ti ọdún méjì àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, kò fi nǹkan kan kún impact factor jọ́nà náà.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ti ṣìnà. Ó fún àwọn tí kò ṣiṣẹ́ lówó iṣẹ́, ó sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó wo ẹ̀ka àwọn tó ń ṣèwádìí kírísítálì. Impact factor Acta Crystallographica Section A jẹ́ nǹkan bíi 2 fún 2008. Fún 2009 ó fò sókè dé 49.9, nítorí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tó jáde ní 2008 nípa ètò kọ̀ǹpútà SHELX. Bí ọdún méjì ṣe kọjá, ó padà sí nǹkan bíi 2. Àwọn olóòtú kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí inú rẹ̀ kò di wúrà lọ́dún kan kó tún di irin lọ́dún kejì.

Nítorí irú èyí ni àwọn olóòtú àti onímọ̀ fi ṣe ìpàdé ní San Francisco ní December 2012, tí ìkéde tí wọ́n ń pè ní DORA fi jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó sọ ṣe kedere: kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà jọ́nà ṣe ìdájọ́ àpilẹ̀kọ kan tàbí olùwádìí kan. Mo rọ gbogbo ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga ní yunifásítì wa pé kí wọ́n kà á. Kò gùn.

Ẹ má ṣe kánjú igbó

Ọdún méjì kéré jù fún irú iṣẹ́ tiwa. Ẹni tó ń ka èso tó já bọ́ lábẹ́ igi ìrókò kan gbọ́dọ̀ dúró de àsìkò èso mìíràn. Ẹni tó ka àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó sì fẹ́ dán an wò nínú igbó tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró pẹ̀lú. Kí àbájáde ẹni kejì tó jáde, fèrèsé ọdún méjì ti pa dé. Ní 1970, Daniel Janzen kọ̀wé nínú American Naturalist nípa ìdí tí oríṣiríṣi igi fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ olóoru: àwọn kòkòrò àti ẹranko tó ń jẹ èso a máa pọ̀ lábẹ́ ìyá igi, èso tó bá jìnnà sí ìyá ló ń rí àyè hù. Lẹ́yìn ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ, àwọn ènìyàn ṣì ń tọ́ka sí i, wọ́n ṣì ń jà lé e lórí. Peter àti Rosemary Grant, tọkọtaya onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹnu ẹyẹ ní erékùṣù Daphne Major, ní Galápagos, ní 1973. Ogójì ọdún ni wọ́n fi padà lọ síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ orí ìtọ́kasí jọ́nà, ìyẹn bí àwọn àpilẹ̀kọ tí àwọn ènìyàn ṣì ń tọ́ka sí ṣe ti pẹ́ tó. Fún ọ̀pọ̀ jọ́nà àtijọ́ ní ẹ̀ka wa, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Impact factor ọlọ́dún márùn-ún náà wà, òun sàn díẹ̀. CiteScore, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tí Scopus, àkójọ ìtọ́kasí mìíràn, ń ṣe, ń lo ọdún mẹ́rin, ìṣirò rẹ̀ sì yàtọ̀, nítorí náà ẹ má gbé CiteScore jọ́nà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ impact factor òmíràn kí ẹ sọ pé ọ̀kan ló borí.

Ẹ má sì fi jọ́nà àgbéyẹ̀wò díje pẹ̀lú jọ́nà ìwádìí. Trends in Ecology & Evolution yóò máa ga ju Evolution lọ, torí pé àgbéyẹ̀wò kan ṣoṣo ni ènìyàn máa ń tọ́ka sí dípò ogún ìwádìí. Èyí kò bu Evolution kù, tó ti wà láti 1947.

Ẹ má ṣe pariwo nítorí ọdún kan

Nínú nọ́ńbà ọdún 2020 ni Clarivate bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtọ́kasí láti inú àpilẹ̀kọ tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú kó tó wọ ìwé. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ga sókè nígbà náà. Fún 2021, Ecology and Evolution ju 3 lọ díẹ̀, Nature Ecology & Evolution sì wà ní nǹkan bíi 19. Fún 2022, ti àkọ́kọ́ di 2.6, ti èkejì di nǹkan bíi 17. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Ecology and Evolution ti ń kú lọ. Nígbà tí odò bá fà, gbogbo ọkọ̀ orí rẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ojúgbà rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Láti ìgbà yẹn náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀yìn pọ́ìǹtì (bíi 2.6) dípò mẹ́ta, kí àwọn ènìyàn má bàa máa jà lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Ẹ má ṣe dáhùn ímeèlì ẹlẹ́tàn

"Ọ̀mọ̀wé wa ọ̀wọ́n, a ti ka iṣẹ́ yín tó dára jù lọ…" Ẹnìkan tí mo mọ̀ dáadáa dáhùn irú ímeèlì bẹ́ẹ̀. Ó fi oṣù méjì owó oṣù rẹ̀ ránṣẹ́. Àpilẹ̀kọ náà jáde láàárín ọjọ́ mẹ́fà láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn ọdún kan ìkànnì náà kò ṣí mọ́. Kò lè tẹ̀ ẹ́ sí ibòmíràn mọ́ nítorí pé ó ti "jáde". Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó mọ̀.

Irú àwọn jọ́nà ẹlẹ́tàn wọ̀nyí ní impact factor ayédèrú tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Èyí tó jẹ́ ti gidi wà lọ́wọ́ Clarivate nìkan, ẹ sì lè wá orúkọ jọ́nà nínú Master Journal List wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo DOAJ pẹ̀lú, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, tó ti wà láti 2003. Ẹ má gbójú lé ẹ̀dà àtijọ́ àkọsílẹ̀ àwọn jọ́nà ẹlẹ́tàn tí Jeffrey Beall, aláàbójútó ilé ìkàwé kan ní Amẹ́ríkà, ṣe, nítorí ó ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní January 2017.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé jọ́nà tó bá gba owó ni olè. Ecology and Evolution ń gba owó, ojúlówó sì ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ní ètò ìdínkù owó fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé kéré. Ẹ bèèrè kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Ohun tí nọ́ńbà kò rí

Bí ẹ bá ya àwòrán ìwádìí igbó Áfíríkà láti inú Web of Science, àkójọ ìtọ́kasí ti Clarivate, nìkan, ẹ óò rò pé igbó wa ṣófo. African Journals Online ti ń kó jọ́nà ilẹ̀ wa jọ láti 1998, ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí nínú Web of Science. Àwọn tó ka igi, ẹja àti àlùkò wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà kò sì rí ìwà jọ́nà. Láti 2011 ni American Naturalist, Evolution àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń béèrè pé kí olùkọ̀wé fi dátà rẹ̀ síta. Nítorí ìyẹn ni wọ́n fi rí i ní 2020 pé dátà tó wà nídìí àpilẹ̀kọ kan nípa aláǹtakùn, tó jáde ní 2016 nínú American Naturalist, kò ṣeé gbára lé, jọ́nà náà sì fà á padà ní gbangba. Jọ́nà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ mi wà.

Mo ní kí ọmọ náà pa fóònù tì. Mo ní kó ṣí ojú ìwé ìtọ́kasí tirẹ̀, kó ka ibi tí àwọn tó ń bá jiyàn ti tẹ iṣẹ́ wọn, kó sì ka àpilẹ̀kọ márùn-ún láti inú jọ́nà tó bá jẹ yọ jù lọ. Ó padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ka mẹ́ta.