Bí ẹ ṣe lè máa lo Raspberry Pi lábúlé tí iná ò ti dájú

Kọ̀ǹpútà kékeré bí àtẹ́lẹwọ́ ni Raspberry Pi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò kí ẹ tó náwó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti ra bátìrì tán kí wọ́n tó béèrè iye tí kọ̀ǹpútà ń jẹ. Pi 4, ìyẹn ẹ̀yà kẹrin rẹ̀, tí ò ṣe iṣẹ́ tó le máa ń jẹ wátì 3 sí 4, tó bá ń sáré gan-an ó lè dé 6 tàbí 7, ẹ ṣáà fi 5 ṣe é, kí ẹ fi 1 lé e torí èyí tó máa ṣòfò lójú ọ̀nà, ó di 6. Tó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, 144 watt-hour (wátì lọ́nà wákàtí, 6 lọ́nà 24) nìyẹn lójúmọ́. Bátìrì 12V, 18Ah, watt-hour 216 (12 lọ́nà 18) ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ bátìrì olójé kì í pẹ́ láyé tẹ́ ẹ bá ń fà á kọjá ìdajì, torí náà 108 ni kẹ́ ẹ kà sí tiyín, ìyẹn bíi wákàtí 18. Ó máa gbé yín mọ́jú dáadáa.

Páànẹ̀lì sólà 50W á rọra bá a yí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tó bá di August tí ojú ọ̀run ṣú látàárọ̀ dalẹ́, ẹ máa rí i pé 100W ló yẹ kẹ́ ẹ rà. Ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀, kó kọjú sí gúúsù, òjò á máa fọ eruku orí ẹ̀ dànù. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa nù ún.

Ẹ má fi ínfátà sí i rárá. Kẹ́ ẹ gbé iná bátìrì lọ sí 220V, kẹ́ ẹ tún wá fi ṣájà fóònù rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 5V, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Buck converter kékeré tó ń sọ 12V di 5V, tó lè gbé 3A, ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi mítà yí i sí 5.1V kẹ́ ẹ tó so Pi mọ́ ọn, kí wáyà ẹ̀ nípọn kó sì kúrú. Ihò USB ara charge controller (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páànẹ̀lì lọ sí bátìrì) olówó pọ́ọ́kú, fóònù ló wà fún. Bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ so mọ́ controller, páànẹ̀lì ló tẹ̀ lé e, kí fúúsì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pọ́sítífù bátìrì, ẹ má fojú di ìyẹn torí bátìrì kékeré náà lè dáná sunlé. Tẹ́ ẹ bá tan Pi, ẹ tẹ `vcgencmd get_throttled`, tó bá mú 0x0 wá, iná ń tó o nìyẹn.

Ẹ má wulẹ̀ so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, ó máa jẹ iná ju Pi fúnra ẹ̀ lọ fíìfíì, fóònù àtijọ́ tẹ́ ẹ fi SSH (ọ̀nà tá a fi ń darí kọ̀ǹpútà látorí ẹ̀rọ míì) wọlé ti tó. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, `sudo poweroff`, ẹ má kàn fa wáyà yọ, mẹ́mọ́rì káàdì lèyí máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ tan overlay, tí kì í jẹ́ kí Pi kọ nǹkan sórí káàdì, nínú raspi-config (ibi tá a ti ń ṣètò Pi) tí iná bá ń já lójijì. Pi 4 kì í mọ aago tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, aago kékeré tí wọ́n ń pè ní DS3231, pẹ̀lú bátìrì CR2032, á tún ìyẹn ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjà. Àwa tá a wà nítòsí Omi-Àdìó, Ìkẹjà la ti ń rà á, rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021 sì rọrùn tó bá bọ́ sákòókò, ṣùgbọ́n dísù lòun náà ń jẹ, kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà epo tó ń bá gbogbo wa fínra, torí náà ẹ má fi ìpàdé kankan sẹ́yìn ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ra méjì-méjì nínú converter, fúúsì àti káàdì, owó tẹ́ ẹ máa fi padà lọ wá fúúsì kan ju owó fúúsì lọ. Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ ẹ tó kúrò l'Ékòó, ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa gba Kiwix (áàpù tá a fi ń ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì) àti Wikipedia sílẹ̀, ti Yorùbá kéré, ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán ju GB 90 lọ, dátà abúlé ò lè gbé e. Àti pé ẹ mú páwà báǹkì dání, tí ọkọ̀ bá pẹ́ dalẹ́ ẹ ṣì máa nílò fóònù láti pe ọlọ́kadà tó máa gbé yín délé.