Bí A Ṣe Ń Yan Bọ́ọ̀lù fún Ẹ̀rọ Ìlọ̀ Gílésì

Nínú ẹ̀rọ tó ń yí agolo láti lọ gílésì, ìyẹn ọ̀dà tó ń dán lára ìkòkò amọ̀ lẹ́yìn tó bá jáde nínú iná, bọ́ọ̀lù ni ọmọ ọlọ. Bó ṣe ń lọ nǹkan ni ara tirẹ̀ náà ń họ, inú gílésì yín sì ni ohun tó họ yẹn ń lọ. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ wá èyí tó yára jù. Ẹ wá èyí tí ẹ lè gbà kí ìyẹ̀fun rẹ̀ dà mọ́ iṣẹ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe le tó. Quartz inú gílésì, ìyẹn òkúta líle tó pọ̀ nínú iyanrìn, wà ní ipò 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe le tó láti 1 dé 10. Gíláàsì kò ju nǹkan bíi 5.5 lọ, torí náà quartz ni yóò lọ bọ́ọ̀lù gíláàsì. Alumina, ìyẹn ohun funfun líle tí aluminiomu àti ọ́síjìn para pọ̀ di, wà ní 9, òun ni mo sì fara mọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: ìwọ̀nba tó bá họ kì í ba àwọ̀ jẹ́, nítorí alumina ti wà nínú gílésì tẹ́lẹ̀. Zirconia, tóun náà jẹ́ ohun líle bíi tàǹganran, wúwo jù ú lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ kíákíá, àmọ́ owó rẹ̀ ga.

Ẹ yẹra fún òjé pátápátá. Májèlé ni, kò yẹ kó sún mọ́ abọ́ tí èèyàn yóò jẹun nínú rẹ̀. Bàbà inú idẹ a máa sọ gílésì di àwọ̀ ewé, irin sì máa ń fi àmì pupa rúsúrúsú sára èyí tó funfun.

Tí bọ́ọ̀lù bá dé, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kó o sínú agolo pẹ̀lú omi àti iyanrìn mímọ́ tí ẹ ti fi òòfà yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kó yí fún wákàtí kan. Ẹ sá ẹrẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ẹ fi bébà wé òòfà, kí ẹ sì rọra fà á kọjá lórí ìyẹ̀fun náà. Tí ohun dúdú wínníwínní bá lẹ̀ mọ́ bébà, irin wà níbẹ̀. Ẹ fọ bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì tún un wọ̀n: ohun tó bá dín nínú ìwúwo rẹ̀ ni ohun tó họ. Èyí tó bá ti sán tàbí tó bù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ ọ́ dànù.

Kí bọ́ọ̀lù kún bí ìdajì agolo, kí ńlá àti kékeré dà pọ̀, bíi mìlímítà 12 sí 25. Tí wọn ò bá tó, ara wọn ni wọn yóò máa gbá. Agolo tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 yẹ kó yí bí ìgbà 70 sí 80 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ju 120 lọ, bọ́ọ̀lù yóò lẹ̀ mọ́ ara agolo, kò sì ní lọ nǹkan kan.

Omi ni kí ẹ máa fi lọ̀ ọ́, nítorí eruku quartz ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má sì da ẹ̀tù tàbí ohunkóhun tó ń gbiná sínú ẹ̀rọ yìí láé, irú bọ́ọ̀lù yòówù kí ẹ ní.