Bí mo ṣe ṣí àgádágodo láìlo kọ́kọ́rọ́, ní Àkúrẹ́ níbí

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ o, èmi ò jalè rí. Ohun tí Màámi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tí wọ́n wá kí mi ní Òkè-Àró tí wọ́n rí irin wẹ́wẹ́ lórí tábìlì, wọ́n ní ṣé ilé onílé ni mo fẹ́ máa lọ fọ́ ni, mo ní rárá Màámi, eré ni mò ń fi ṣe, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní eré tí wọ́n ń fi irin olè ṣe, àwọn ò rí irú ẹ̀ rí.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá mi ló sọnù tí gbogbo ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Mo lọ pe bàbá kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba. Bàbá dé, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan o, àfi ìgbà tí ìyá tó wà ní yàrá kejì jẹ́rìí pé lóòótọ́ èmi ni mò ń gbébẹ̀. Wọ́n wá yọ irin méjì lápò, ìṣẹ́jú méjì ò pé, ó ṣí. Owó tí mo san ò dùn mí rárá, ohun tó dùn mí ni pé àgádágodo tí mo ti ń fọkàn tán látọjọ́ tí mo ti kó débẹ̀ nìyẹn.

Mo padà lọ bá wọn pé kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n dákẹ́ títí, kí wọ́n tó ní òfin méjì ló wà níbẹ̀: kó jẹ́ àgádágodo tèmi, kó má sì jẹ́ èyí tí mò ń fi ti ilẹ̀kùn, torí irin lè ba sípíríìngì inú ẹ̀ jẹ́ kí n wá sùn síta. Mo wá ra tuntun méjì lọ́jà, kékeré onídẹ kan, ńlá kan, mo tọ́jú rìsíìtì.

Irin tí mo lò, inú wáípà mọ́tò tó ti gbó ni mo ti yọ ọ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín yẹn tó máa ń fì. Ọ̀kan, mo fi fáìlì fá ẹnu ẹ̀ títí ó fi tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, èkejì mo kàn tẹ̀ ẹ́ ní igun ni, òun ló máa yí sílíńdà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ tó máa ń yí. Mo fi sánpépà dán wọn kó má máa há. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́ o, ìkánjú ló bà á jẹ́, mo gbé e lọ sídìí máṣíìnì tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin, ó gbóná títí ó fi di búlúù, àtìgbà yẹn tó bá ti tẹ̀ kì í nà padà mọ́. Fáìlì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò jàre.

Ẹ wo inú ẹ̀ ná. Irú àgádágodo tó pọ̀ lọ́jà wa yìí, Linus Yale ọmọ, ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di bó ṣe wà ní àwọn ọdún 1860, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń fi igi ṣe irú ẹ̀. Píìnì, ìyẹn àwọn irin kéékèèké, méjì méjì ló tò léra wọn nínú ihò kọ̀ọ̀kan, sípíríìngì ń tì wọ́n mọ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó bá bá a mu á gbé wọn sókè títí ibi tí píìnì méjèèjì ti pàdé á fi bá etí sílíńdà dọ́gba, sílíńdà á yí. Àmọ́ kò sí máṣíìnì tó lè lu àwọn ihò yẹn kó tò gẹ́lẹ́, torí ẹ̀ tó o bá yí sílíńdà díẹ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́, píìnì kan ló máa kọ́kọ́ le, àwọn yòókù á ṣì máa jó. Èyí tó le yẹn lò ń wá. Gbogbo àṣírí ẹ̀ nìyẹn.

Alẹ́ àkọ́kọ́, pàbó. Mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tú nọ́ọ̀tì táyà, ọwọ́ ń ro mí, gbogbo píìnì le pa pọ̀. Ohun tó tù mí nínú ni ìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Hobbs, tó lọ sí London lọ́dún 1851, àgádágodo kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣí rí láti nǹkan bí 60 ọdún, ó lo wákàtí 51 lórí ẹ̀, ọjọ́ 16 ló fi pín in, ó sì ṣí i. Tèmi ò tíì tó wákàtí mẹ́ta.

Lálẹ́ kejì mo rọ ọwọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ìkẹta ló kọ́kọ́ le, mo tì í sókè, tẹ̀k, ọwọ́ ló gbọ́ ọ ju etí lọ. Lẹ́yìn náà èkíní, ìkẹrin, bí mo ṣe tì èkejì báyìí sílíńdà yí, irin orí ẹ̀ fò sókè ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ní àtàǹpàkò. Mo pariwo tí ìyá yàrá kejì fi ní kí ló dé.

Inú mi dùn débi pé mo ti kó irin sínú báàgì kí n lọ fi han ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjàpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ni mo kọ́kọ́ pè lórí fóònù, wọ́n ní ṣé orí mi pé ṣá. Wọ́n ka section 417 nínú Criminal Code fún mi: ẹni tí wọ́n bá ká irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fọ́lé mọ́ lọ́wọ́ lóru, òun ló máa ṣàlàyé ìdí tó bófin mu, bí kò bá lè ṣe é, ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Lọ́sàn-án ńkọ́, ìjọba ló máa fi hàn pé o fẹ́ fi ṣe ìwà ọ̀daràn. Òru lójú òfin wa, 6:30 ìrọ̀lẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, títí di 6:30 àárọ̀! Mo wo aago, 7:10. Wọ́n ní tó bá tiẹ̀ jẹ́ Japan ni, òfin ọdún 2003 wọn ò fẹ́ kéèyàn ní irú irin yẹn lọ́wọ́ rárá láìsí ìdí gidi, bíi kó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀. Mo dá báàgì padà sórí ibùsùn. Ta ló máa dúró ṣàlàyé eré fún Àmọ̀tẹ́kùn lójú títì?

Ńlá yẹn ló kù. Àwọn píìnì kan nínú ẹ̀ tín-ín-rín láàárín bíi bọ́bìn máṣíìnì ìránṣọ, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, sílíńdà á yí díẹ̀, o ò ní mọ ìgbà tó o máa rẹ́rìn-ín, ó sì máa dúró síbẹ̀. Bàbá ní tó bá ti dúró kí n dẹ ọwọ́ díẹ̀ kó padà sẹ́yìn, kí n tún máa tì í. Mo dẹ ọwọ́, gbogbo ẹ̀ tún já bọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Mo ti ní kí wọ́n retí mi ní Sátidé, màá gbé e lọ bá wọn ní ọ̀sán, pẹ̀lú rìsíìtì ẹ̀.