Bí A Ṣe Ń Fi Tíọ́rì Deconstruction Ka Ìtàn Àròsọ Tó Dá Lórí Ìdánimọ̀ àti Àṣà

Deconstruction ni ọ̀nà ìkàwé tó ń tú ọ̀rọ̀ méjì tó takora, tí ìwé kan dúró lé, láti fi hàn pé ìpín tó wà láàárín wọn kò dúró. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ìtàn tí ẹ fẹ́ fi í yẹ̀ wò tán láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Ní ìgbà kejì, ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì tó takora tí ìtàn náà dúró lé, bí ilé àti àjò, tàbí ojúlówó àti ayédèrú, kí ẹ sì wo èyí tí ìwé náà gbé ga ju ìkejì lọ. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe bírò, nítorí ìpín tí ẹ kọ́kọ́ ṣe máa yí padà. Ìtakora kan ṣoṣo ti tó. Ẹni tó bá kó márùn-ún jọ kì í tú ọ̀kankan dé ìdí. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà ìwé náà lórí fóònù, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, kí ẹ sì ka gbogbo ojú-ìwé tó ti jẹyọ.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ òǹkàwé lọ́nà. Jacques Derrida, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Faransé tó dá tíọ́rì yìí sílẹ̀, tó sì tẹ ìwé mẹ́ta jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1967, kò ní kí a kàn gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ sókè. Lẹ́yìn tí a bá ti dojú ipò wọn dé, a ní láti fi hàn pé ìpín náà fúnra rẹ̀ kò dúró. Àìmọye àròkọ ni mo ti kà tó sinmi síbi ìdojúdé, tí òǹkọ̀wé rẹ̀ sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ wo Americanah, ìtàn àròsọ tí Chimamanda Ngozi Adichie tẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Ifemelu, ọmọbìnrin Nàìjíríà tó lọ gbé ní Amẹ́ríkà nínú ìtàn náà, kọ́ bí a ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Amẹ́ríkà, títí tí ọkùnrin kan tó ń polówó lórí fóònù fi yìn ín pé ó ń dún bí ará Amẹ́ríkà gan-an. Ó dúpẹ́, ìtìjú bò ó, ó sì pa ohùn náà tì. Òǹkàwé tó ń kánjú yóò ní ohùn ti Nàìjíríà ni ojúlówó, ti Amẹ́ríkà ni ayédèrú. Ẹ má tíì gbà. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà dé ìgbà tí Ifemelu padà sí Èkó, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ranyinudo, ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í tilẹ̀ ṣe ojúlówó Americanah (orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ Nàìjíríà tó ti Amẹ́ríkà dé, tó ń ṣe bí ará ibẹ̀), torí pé kò ní ohùn Amẹ́ríkà. Ohun tí Ifemelu jù nù bí ayédèrú ni wọ́n wá ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀rí ojúlówó. Ibẹ̀ gan-an ni ìpín náà ti já.

Bó ti já yìí kò sọ pé ìdánimọ̀ kò sí, tàbí pé ìwé náà kò nítumọ̀. Ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó ń gbọ́ ohùn náà wà lára ohun tó ń sọ ọ́ di ojúlówó. Nígbà tí ẹ bá ń kọ àròkọ yín, inú ìwé ni kí ẹ ti mú ẹ̀rí, kì í ṣe inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò òǹkọ̀wé. Ẹ fi gbólóhùn Ranyinudo ṣíwájú, kí ẹ tó kọ orúkọ Derrida rárá.