Jẹnẹrétọ̀ Tó Ń Jẹ Ọ́ìlì: Àwọn Àṣìṣe Tí Ẹ Gbọ́dọ̀ Yẹra Fún

Tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń jẹ ọ́ìlì, ohun tí àwọn mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé ríńgì (òrùka irin tó yí písítìnnì ká nínú sílíńdà) ti jẹ, kí ẹ mú owó wá kí wọ́n tú u. Ẹ dákun, ẹ má tíì gbà. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni ọ́ìlì lè bá lọ: kó máa jò síta, kó máa gba ọ̀pá èémí ẹ́ńjìnnì (breather) bọ́ sínú fílítà afẹ́fẹ́, tàbí kó máa bá bẹntiróòlù jóná. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ kí ẹ tó náwó. Ẹ́ńjìnnì tó ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni mò ń bá wí o. Kì í ṣe “I better pass my neighbour” tí à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀.

Èyí tí mo máa ń rí jù ni rírọ ọ́ìlì láṣejù. Honda GX160 àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tó kún inú jẹnẹrétọ̀ kéékèèké kì í gbà ju nǹkan bí lítà 0.6 lọ, bẹ́ẹ̀ lítà kan ló máa ń wà nínú ike tí à ń rà. Tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ọ́ìlì á ṣàn jáde lẹ́nu ihò nígbà tó bá kún. Ṣùgbọ́n tí jẹnẹrétọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lè gbà kọjá bó ṣe yẹ láìjẹ́ pé ẹ fura. Àpọ̀jù yẹn ni ẹ́ńjìnnì máa tú gba ọ̀pá èémí. Fílítà á rin gbindin, èéfín búlúù á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Lórí GX160, ẹ má lọ́ géèjì (ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì) wọlé tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Ẹ kàn tì í bọ ihò, kí ẹ fà á yọ.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni yíyọ wáyà sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ń kú fúnra rẹ̀ nítorí ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, ẹnìkan á wá yọ wáyà náà, á ní òun ti tún un ṣe. Ọ́ìlì á tán, irin á máa ha irin, ẹ́ńjìnnì á gán pátápátá. Tí wọ́n bá ti yọ tiyín, ẹ ní kí wọ́n dá a padà lónìí.

Ẹ wo èéfín dáadáa. Èéfín dúdú kì í ṣe ti ọ́ìlì, bẹntiróòlù ló pọ̀ jù. Búlúù tó yọ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án láàárọ̀, tó sì lọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo síìlì fáàfù (rọ́bà kékeré tó ń dí ọ́ìlì lẹ́nu fáàfù). Èyí tí kò dáwọ́ dúró, pàápàá tí ẹrù iná bá wà lórí rẹ̀, ni ẹ lè fura sí ríńgì tàbí sílíńdà.

Rírọ ọ́ìlì tó ki jù láti fi bo àìsàn ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ kò dára. Ọ́ìlì tó fúyẹ́ jù náà ní wàhálà tirẹ̀: ìwé ẹ́ńjìnnì Briggs & Stratton sọ pé tí ooru bá ju 27°C lọ, ọ́ìlì tí wọ́n kọ 10W-30 sí lára ike lè mú kí ẹ́ńjìnnì jẹ ọ́ìlì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé èyí tí wọ́n kọ SAE 30 sí ló yẹ. Ooru tiwa sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án.

Tó bá wá jẹ́ ríńgì lóòótọ́, ẹ má gbà kí wọ́n ki ríńgì tuntun sínú sílíńdà tó ti fá láìwọ̀n ọ́n. Ẹ bi wọ́n pé kí ló jẹ ti àkọ́kọ́. Eruku ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ẹnìkan yọ fílítà sọnù, tàbí fóòmù rẹ̀ ti ya tí ọyẹ́ sì dé. Tí fílítà kò bá sí níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ríńgì tuntun náà á fi jẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń tò wọ́n, ẹnu àwọn ríńgì (ibi tí òrùka náà ti là) kò gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà, ojú tó ní àmì sì gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lófo: ẹ gbé fáànù àti gílóòbù díẹ̀ lé e kí ríńgì lè jókòó dáadáa.