Bí a ṣe ń fi iná àti ooru omi dán palladium inú zeolite wò

Nígbà tí ọkọ̀ dísẹ̀lì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lówùúrọ̀, tí sàlẹ́ńsà kò tíì gbóná tó 200°C, yúríà tí wọ́n ń fọ́n sínú èéfín kò tíì lè pa gáàsì NO (nitrogen monoxide, gáàsì olóró) dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé palladium (irin olówó iyebíye kan) inú zeolite (ohun oníhò kéékèèké tó ní silicon àti aluminium) síwájú rẹ̀: ó ń di NO mú nígbà òtútù, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn bá ti yá. Àmọ́ omi kì í tán nínú èéfín, ìgbóná sì lè kọjá 600°C nígbà tí asẹ́ bá ń jó èédú lẹ́búlẹ́bú tó kó jọ sínú rẹ̀. Ṣé palladium yìí á lálòpẹ́? Ẹ mú un gbó nínú ààrò, kí ẹ wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá. Nínú SSZ-13, irú zeolite kan, ibi tí aluminium bá ti gba ipò silicon ni ion palladium (átọ́ọ̀mù rẹ̀ tó ní agbára iná, tí à ń kọ ní Pd²⁺) ń rí jókòó sí. Pd²⁺ fẹ́ràn ibi tí aluminium méjì ti sún mọ́ra. Ion yìí ló ń di NO mú. PdO (palladium tó ti so mọ́ ọ́síjìn) tó ṣù jọ sí ẹ̀yìn òde kò fẹ́rẹ̀ẹ́ di nǹkan kan mú. Ooru omi ní ọ̀nà méjì: ní nǹkan bíi 750°C, ó lè tú PdO ká kí ó wọlé di ion, bí iná bá pọ̀ jù, ó ń yọ aluminium kúrò lára zeolite, palladium á pàdánù ibùjókòó, á tún ṣù. Nítorí náà, ẹni tó dán ìgbóná kan ṣoṣo wò lè rí i pé èyí tó gbó dára ju tuntun lọ, kó sì rò pé òun ló ṣe àṣìṣe. Òun kọ́ o.

1. Ẹ pò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Giráàmù 10 Pd/SSZ-13 (SSZ-13 tí a fi palladium sí) tó ní palladium 1% tó. Ẹ yan án nínú afẹ́fẹ́ ní 550°C fún wákàtí 5, ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ sì sẹ́ èyí tó wà láàárín µm 250 sí 425. Lẹ́búlẹ́bú lásán máa ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹ pín in: ọ̀kan dúró bí tuntun, ìyókù fún 650, 750, 800 àti 900°C.

2. Ẹ to ààrò. Ọ̀pá quartz ni kí ẹ lò, kì í ṣe irin. Giráàmù 1 tó, lórí òwú quartz, kí ó fẹ́lẹ́. Kí ẹnu thermocouple (wáyà tó ń wọn ìgbóná) kan nǹkan náà gan-an, nítorí nọ́ńbà ojú ààrò lè yàtọ̀ sí ìgbóná ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ mL 180 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú omi tí sírínjì ń tì wọlé ní nǹkan bíi mL 1 ní wákàtí kan, á fún yín ní ooru omi 10%. Bí ẹ bá ń gba afẹ́fẹ́ kọjá inú omi, ẹ mú omi náà dúró ní 46°C. Ẹ mú gbogbo ọ̀pá tó wà láàárín gbóná tó 130°C.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyí: ẹ̀kán omi á rọ̀ sẹ́nu abẹ́rẹ́, á máa wú, á já bọ́, ooru omi á sì rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà, kò ní sí nǹkan fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ fi òwú quartz díẹ̀ kan ẹnu abẹ́rẹ́ náà, kí omi máa fà wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

3. Ẹ mú un gbó. Ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ gbé iná sókè ní 5°C ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ṣí omi lẹ́yìn 200°C. Wákàtí 16. Ẹ ti omi pa nígbà tí iná ṣì wà níbẹ̀, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó jẹ́ kí ó tutù. Bí omi bá ń wọlé lọ títí yóò fi tutù, á kún ihò zeolite, ìwọ̀n tí ẹ bá wọ̀n lẹ́yìn náà á sì parọ́.

4. Ẹ wọn NO. Fi ọ́síjìn 10% nu giráàmù 0.1 ní 500°C fún wákàtí kan, kí ó tutù dé 100°C. Ẹ jẹ́ kí gáàsì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá títí ìlà rẹ̀ lójú ẹ̀rọ tó ń wọn NO á fi dúró, kí ẹ tó yí i sórí giráàmù 0.1 náà: NO 200 ppm (igba nínú mílíọ̀nù kan), ọ́síjìn 10%, omi 5%, mL 300 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, ẹ gé NO, kí ẹ gbé iná dé 500°C. Palladium 1% jẹ́ µmol 94 nínú giráàmù kan. Bí NO tó jáde, tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún giráàmù kan, bá tó iye yẹn, palladium kọ̀ọ̀kan di ọ̀kan mú nìyẹn.

Ẹ má fi CO (carbon monoxide) sí i ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń ran ìdìmú lọ́wọ́ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, ó ń sọ ion di palladium lásán tó ń ṣù, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá omi ló ṣe é ni àbí CO.

5. Ẹ wá ẹni tó jẹ̀bi. Nínú XRD (àyẹ̀wò tó ń fi X-ray wo bí nǹkan ṣe tò), ẹ wo itòsí 33.9° fún PdO, kí ẹ sì wo ìlà zeolite ní nǹkan bíi 9.5°. NMR ti aluminium (àyẹ̀wò tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì wo ipò átọ́ọ̀mù) ń fi èyí tó ṣì wà nípò hàn nítòsí 60 ppm (ibí yìí, ipò lórí ìlà ni ppm, kì í ṣe iye gáàsì), èyí tó ti jáde nítòsí 0. Bí NO bá dín kù tí 60 ppm kò sì yẹ̀, palladium ló ṣù. Bí méjèèjì bá wó, zeolite fúnra rẹ̀ ló ti lọ; 900°C sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìgbóná tí NO fi jáde pẹ̀lú, yàtọ̀ sí iye rẹ̀. Èyí tó bá tú u sílẹ̀ kí ìgbóná tó dé 200°C kò tíì wúlò fún ọkọ̀, torí yúríà kò tíì ṣetán láti gbà á.