Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì mọ́tò yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ sì ti ra mọ́tò tí wọ́rańtì ẹ̀ ò tíì tán, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Bí wọ́n ṣe ń gba láísẹ́ǹsì àti ìnṣọ́ránsì, ẹni tẹ́ ẹ wọ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀ á ti sọ fún yín. Èyí tí wọn kì í sọ fún èèyàn ni pé bébà kékeré tí wọ́n ń fún yín lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì tán, òun gan-an lẹ máa fi gba ẹ̀tọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá daṣẹ́ sílẹ̀. Mo ń rí àwọn ará wa tó ń rún un mọ́wọ́, tí wọ́n ń jù ú sílẹ̀ nínú mọ́tò, inú sì máa ń bí mi.

Ohun tí wọ́rańtì jẹ́ ò le. Ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló ṣèlérí pé tí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ọdún báyìí tàbí máìlì báyìí, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Toyota ń fún èèyàn ní ọdún 3 tàbí máìlì 36,000 lórí ọ̀pọ̀ nǹkan inú mọ́tò, ọdún 5 tàbí máìlì 60,000 lórí ẹ́ńjìnnì àti gíà. Hyundai àti Kia ń fún ẹni tó ra mọ́tò ní tuntun ní ọdún 10 tàbí máìlì 100,000 lórí ẹ́ńjìnnì àti gíà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni yẹn, ọdún 5 tàbí máìlì 60,000 ni wọ́n máa kà fún yín, ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ gbé e ni wọ́n sì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó wà nínú ìwé tó bá mọ́tò wá, ẹ kà á.

Àbúrò wa kan wà ní Houston, ọmọ jẹ́jẹ́, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ á tún fi mọ́tò ẹ̀ gbé èrò. Kì í ṣe pé kì í pààrọ̀ ọ́ìlì o, mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe mẹkáníìkì nínú gáréèjì ilé ẹ̀ ló ń lọ, Yorùbá bíi tiwa, ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá, owó tó ń gbà ò sì tó ti díílà, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tó ń bá ilé iṣẹ́ ta mọ́tò tó sì ń tún un ṣe, rárá, káàṣì ló ń gbà. Tí àbúrò bá bèèrè rìsíìtì, ẹ̀gbọ́n á ní, “Àbúrò mi, ṣé èmi pẹ̀lú ẹ náà ló yẹ ká máa kọ bébà fún ara wa?” Ojú á ti ọmọ yẹn, á sanwó, á máa lọ. Bó ṣe di ọjọ́ kan nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan kókókó lórí ọ̀nà márosẹ̀, ó kú, wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ díílà, wọ́rańtì ò tíì tán. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní ọ́ìlì ti dì sínú ẹ̀, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé ó ń ṣe sẹ́fíìsì ẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò sí ẹyọ bébà kan lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ́ńjìnnì míì pẹ̀lú owó iṣẹ́ lé ní 7,000 dọ́là, báńkì sì ń yọ owó mọ́tò tó dúró sójú kan lóṣooṣù.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù nìyí: ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì wá ní kò sí wàhálà, òun á jókòó kọ rìsíìtì gbogbo, òun á fi déètì àtijọ́ sí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ẹ má dán an wò láyé yín! Jìbìtì nìyẹn lójú òfin Amẹ́ríkà, ẹni tí ò tíì di ọmọ ìlú, tó jẹ́ gríìn káàdì tàbí físà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹjọ́ jìbìtì lè gba ìwé yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì ò tó nǹkan téèyàn ń torí ẹ̀ padà sílé tipátipá.

Àwọn kan á wá sọ pé ọ̀dọ̀ díílà nìkan lèèyàn gbọ́dọ̀ máa lọ, pé téèyàn bá lọ síbòmíì wọ́rańtì ti kú. Irọ́ ni. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss Warranty Act, láti 1975 ló ti wà, ó ní wọn ò lè fi dandan mú yín pé ọ̀dọ̀ àwọn tàbí páàtì tàwọn nìkan lẹ gbọ́dọ̀ lò, àfi tí wọ́n bá ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ páàtì tẹ́ ẹ rà níta tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì yín ló ba mọ́tò jẹ́ lóòótọ́, wọ́n lè kọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ló máa fi hàn pé bó ṣe rí nìyẹn. Torí náà ẹ máa lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ará wa, ẹ jẹ́ kó rówó jẹun, ẹ má kàn kúrò níbẹ̀ láì gba rìsíìtì. Tí inú bá bí i, kó bí i.

Rìsíìtì tí wọ́n kọ “oil change, $50” sí lásán ò tó. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, déètì, iye máìlì tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù lọ́jọ́ yẹn, VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i, bóyá 0W-20 ni àbí 5W-30, bí ọ́ìlì yẹn ṣe pọ̀ tó, nọ́ńbà fíltà, àdírẹ́sì àti fóònù ẹni tó ṣe é. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yà á ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, torí bébà tí wọ́n ń tẹ̀ jáde nínú mẹ́síìnì yẹn, oòrùn inú mọ́tò máa ń pa ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀ rẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra yín, òfin ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é, àmọ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì àti fíltà, ẹ ya dáṣíbọọ̀dù ní fọ́tò lọ́jọ́ yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan.

Ẹ má fojú máìlì nìkan wò ó. Ọ̀pọ̀ Toyota tó ń lo 0W-20, máìlì 10,000 tàbí oṣù 12 ni wọ́n ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀, ẹni tí kì í wa mọ́tò púpọ̀ á ní máìlì òun ò tíì pé, oṣù á sì ti kọjá lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi mọ́tò gbé èrò tàbí gbé oúnjẹ kiri, ẹ wo ojú ìwé tó sọ nípa mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ àṣekára, àkókò tiyín máa ń yá ju tàwọn yòókù lọ, lára àwọn Toyota yẹn ó lè jẹ́ máìlì 5,000.

Mọ́tò tí ìwé ẹ̀ jẹ́ “salvage”, ìyẹn èyí tó ti bàjẹ́ débi pé ìnṣọ́ránsì ò rí i bí ohun tó yẹ ní títúnṣe mọ́, tí wọ́n rà ní ọjà gbàǹjo, ẹ má retí wọ́rańtì ilé iṣẹ́ lórí ẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń pè yín lórí fóònù pé wọ́rańtì yín ti fẹ́ tán, kẹ́ ẹ mú káàdì yín wá, ẹ gé fóònù yẹn mọ́ wọn lẹ́nu. Ní 2023 FCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, bu owó ìtanràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là lé àwọn kan lórí irú ìpè bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọn ò ṣíwọ́.

Tí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti ṣe é, àwọn ńláńlá máa ń tọ́jú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tàbí nọ́ńbà mọ́tò yín, wọ́n á tẹ òmíì fún yín. Ẹ wá àkọsílẹ̀ báńkì yín náà, ó lè ràn yín lọ́wọ́. Tí díílà bá kọ̀, ẹ má jà, ẹ má sunkún, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sílẹ̀ fún yín, ẹ wá pe ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò fúnra ẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní BBB AUTO LINE, tó ń bá èèyàn parí irú ẹjọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ tí ilé iṣẹ́ yẹn bá wà lára àwọn tó ń bá wọn ṣe, ọ́fíìsì Attorney General, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yín, náà sì wà.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ “recall” ni, tí ilé iṣẹ́ pe mọ́tò padà torí àbùkù tó wà lára ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, wọn kì í béèrè rìsíìtì ọ́ìlì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ VIN yín sórí nhtsa.gov, ìkànnì àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò mọ́tò, lónìí kẹ́ ẹ wò ó.